Ẹ gbà mí: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ “ọjọ́ iwájú” àti “mò ń fojú sọ́nà” ní èdè Hawaiʻi?

Àdùnní_Honolulu

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Honolulu. Ìyá àgbà kan ń gbé ní ilé tó kàn wá, ọmọ onílẹ̀ Hawaiʻi ni, Tūtū ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí àwa ṣe ń pe ìyá àgbà ní Màmá. Tūtū yìí ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi lóru tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jáde ilé-ìwé báyìí, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi èdè Hawaiʻi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́. Yunifásítì ló ń lọ ní Oregon, òdìkejì òkun. Sátidé tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ. Mo ti ra òdòdó tí a máa sín ní lei sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ káàdì fún un ní èdè wọn.

Ohun tí mo kọ rèé:

“E hauʻoli ana kou wā ma mua. Ke kali nei kākou i kou hoʻi.”

Lọ́kàn tèmi, mo ti sọ pé “Ọjọ́ iwájú rẹ yóò dùn. À ń retí àbọ̀ rẹ.” Mo mọ̀ pé “mua” ni iwájú, mo mọ̀ pé “wā” ni ìgbà, mo bá so wọ́n pọ̀. Mo gbé e lọ bá Tūtū. Ó kà á, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ọmọ mi, ìgbà tó ti kọjá lo ń kí i fún yìí.” Kò sọ èyí tó tọ́ fún mi. Ó ní kí n lọ ronú sí i kí n tó padà wá.

Báwo ni iwájú ṣe di àtijọ́? Kí ni kí n wá kọ? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún “mò ń fojú sọ́nà”? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kọ ohun tí kò tọ́ fún ọmọ ìyá yìí.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ kọ “Imua” gàdàgbà sí i, ó ti tó. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò ní Oʻahu nítorí iṣẹ́, kò síbi tí mi ò ti rí ọ̀rọ̀ yẹn: lára ẹ̀wù, lẹ́yìn mọ́tò, lẹ́nu àwọn tó ń pariwo ní pápá bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ iwájú ló túmọ̀ sí.

Akọ́mọlédè_Hilo

Àbúrò, ọ̀rọ̀ náà dára, ìtumọ̀ tí ẹ fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. “I mua” kì í ṣe ọjọ́ iwájú, “sí iwájú” ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pàṣẹ pé ká tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ méjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ẹ̀wù máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ wo bó ṣe rí. “Mua” ni iwájú, “hope” ni ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bá ṣáájú wọn ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọrí sí. Níbi tí a wà yìí, “i” ń sọ pé nǹkan ń lọ síbẹ̀, “ma” ń sọ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà “i mua” ni “sí iwájú”, “ma mua” ni “ní iwájú”.

“Ma mua o ka hale” ni iwájú ilé. Ṣùgbọ́n “ma mua o ka hola ʻehā” ni “ṣíwájú aago mẹ́rin”. “Ma hope o ka hale” ni ẹ̀yìn ilé. “Ma hope o ke kula” ni “lẹ́yìn ilé-ìwé”, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá ti jáde.

Ẹ dúró níbí kí ẹ fetí sí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń sọ ní Yorùbá. Ṣíwájú aago mẹ́rin: iwájú ló wà nínú rẹ̀, àkókò tí aago mẹ́rin kò tíì lù la sì ń sọ. Àwọn tó ṣáájú wa: àwọn baba ńlá wa tí wọ́n ti lọ ni. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn: àwọn tí a kò tíì bí. Ẹ̀yìn ọ̀la ńkọ́? Ohun tí kò tíì dé ni. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí i. “Ka wā ma mua” ni ìgbà tó ṣáájú, “ka wā ma hope” ni ìgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí Tūtū gbọ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ lo “mua” fún ọjọ́ tí kò tíì dé, ọ̀nà rẹ̀ ni “i kēia mua aku”. “Kēia” ni èyí, “aku” ni lọ. Láti ibi tí a dé yìí lọ síwájú. Ìyẹn kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi Àdùnní, mo kí ọ. Ọ̀rọ̀ yìí ju gírámà lọ. Onímọ̀ ìtàn ọmọ Hawaiʻi kan, Lilikalā Kameʻeleihiwa, kọ ọ́ ní 1992 pé ńṣe ni ọmọ Hawaiʻi dúró ṣinṣin nínú ìsinsìnyí, ó kọ ẹ̀yìn sí ọjọ́ tí kò tíì dé, ó sì tẹjú mọ́ ohun tó ti kọjá, kí ó lè rí ìdáhùn níbẹ̀ sí ìṣòro òní. Wọ́n tún máa ń sọ ọ́ lọ́rọ̀ kúkúrú pé “I ka wā ma mua, ka wā ma hope”: inú ìgbà tó ṣáájú ni ìgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn wà.

Ó yé mi dáadáa. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ la rí, òun ló wà níwájú ojú. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ wà níbi tí ojú kò tó. Ó dà bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ, tí ojú rẹ̀ wà ní èbúté tó ti kúrò. Mo sì tún gbọ́ pé àwọn atukọ̀ wọn gbà pé ọkọ̀ kì í rìn, pé erékùṣù ló ń bọ̀ wá bá ọkọ̀. Àwọn tó ń ronú báyìí kò ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi “fojú sọ́nà” ṣe. Má kọ ọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú rárá. Kọ nípa àwọn tó bí i.

Awakọ̀_Waʻa

Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo dọ̀bálẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wa waʻa ní Maui, ọkọ̀ elẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń wà, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Nínú waʻa, kò sẹ́ni tó ń kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iwájú là ń kọjú sí. Ẹni tó jókòó ṣáájú ló ń fi ìwọ̀n fífa omi lélẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń tọ́ ọkọ̀. Òun ni yóò kígbe “Hoʻomākaukau!”, gbogbo wa a gbé àjẹ̀ sókè. Ó tún kígbe “I mua!”, a ti àjẹ̀ bọ omi. Tó bá ní “Lawa!”, ó tó, a ṣíwọ́. Àwòrán ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ yẹn, ọkọ̀ àwọn òyìnbó ni.

Ọ̀rọ̀ erékùṣù tó ń rìn wá bá ọkọ̀, òótọ́ ni pé àwọn atukọ̀ kan ń rò ó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n àwọn erékùṣù Caroline ni ó ti wá, kì í ṣe Hawaiʻi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pàdé ni pé Mau Piailug, ọmọ Satawal ní Caroline, ló tọ́ ọkọ̀ Hōkūleʻa láti Hawaiʻi dé Tahiti ní 1976 láìlo kọ́ńpáàsì. Àwọn ọmọ Hawaiʻi kọ́ ìmọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, Nainoa Thompson sì fúnra rẹ̀ tọ́ ọkọ̀ náà lọ sí Tahiti ní 1980. Ẹ jẹ́ ká fi ti Satawal sílẹ̀ fún Satawal.

Èyí tó kù ni pé kí a má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ odidi ilé. Akọ́mọlédè ti fi “i kēia mua aku” hàn wá, iwájú ni, ọjọ́ tí kò tíì dé sì ni. Àwa náà ní “ọjọ́ iwájú” àti “ẹ̀yìn ọ̀la”, ohun kan náà ni méjèèjì ń sọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé Yorùbá kò mọ ibi tó kọjú sí.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Mo gba ti ọkọ̀, mo sì dúpẹ́. Ti Satawal náà, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ “wā ma mua” sẹ́yìn bí ẹni pé gírámà lásán ni. Àwọn ọmọ Hawaiʻi fúnra wọn ló mú un lò láti fi ṣàlàyé ara wọn. Nígbà tí onílé bá sọ bí ilé rẹ̀ ṣe rí, àlejò a máa gbọ́.

Ìyábọ̀_Seattle

Orí Duolingo ni mo ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Hawaiʻi sí i ní 2018, mo sì ti wá rí olùkọ́ gidi lẹ́yìn náà. Àdùnní ọ̀rẹ́ mi, èmi máa mú ọ lọ sí “mai” àti “aku”, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìrìn wà nínú èdè yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti jẹ̀rè níbẹ̀. “Mai” ni wá, “aku” ni lọ.

Hele mai: máa bọ̀ wá. Hele aku: máa lọ.
Lawe mai: mú un wá. Lawe aku: mú un lọ.
Haʻi mai: sọ fún mi. Haʻi aku: sọ fún wọn.

Èyí tó wù mí jù ni “kūʻai”. “Kūʻai mai” ni rà, “kūʻai aku” ni tà. Ọ̀rọ̀ kan ni, ibi tí ọjà kọrí sí ló yí i padà.

Nínú káàdì rẹ, “i kou hoʻi” kò tíì parí. “Hoʻi” ni padà. Ó ń padà wá ni àbí ó ń padà lọ? O fẹ́ kí ó padà wá bá yín, nítorí náà “i kou hoʻi ʻana mai”. Tí o bá yọ “mai” kúrò, ọmọ náà lè rò pé ò ń retí kó máa lọ.

Ṣọ́ra fún ohun kan. Tí “mai” bá wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, “má ṣe” ló dà. “Hele mai”, máa bọ̀. “Mai hele”, má lọ. “Mai hele mai”, má wá! Ó ti ṣe mí rí. Mo fẹ́ pe ìyá kan wá sílé mi fún oúnjẹ, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo fi “mai” ṣáájú, màmá náà sì jókòó sílé rẹ̀. Oúnjẹ tutù. Mo tọrọ àforíjì gan-an.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kọ “i kēia pule aku”.

Akọ́mọlédè_Hilo

Àlàyé Ìyábọ̀ dára púpọ̀, ti ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ni mo fẹ́ tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni “i kēia pule aʻe”. “Aʻe” ń sọ òkè tàbí ẹ̀gbẹ́, ohun tó kàn. “Piʻi aʻe” ni gun òkè, “kēia pule aʻe” ni ọ̀sẹ̀ tó kàn èyí tí a wà nínú rẹ̀. “Aku” wà nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá: “i kēlā pule aku nei”, ọ̀sẹ̀ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà kí ẹ má rò pé “aku” ni ọjọ́ iwájú nígbà gbogbo. Lọ ni. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè lọ síwájú, bí nínú “mai kēia manawa aku”, láti ìsinsìnyí lọ. Ó sì lè lọ sí àtijọ́.

Àṣìṣe kejì wà nínú káàdì náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ “kākou”. Yorùbá ní “àwa” kan ṣoṣo, Hawaiʻi pín in. “Kākou” ni àwa pẹ̀lú ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀, “mākou” ni àwa láìsí ẹ̀yin. Tí ó bá jẹ́ èmi àti ìwọ méjì péré, “kāua” ni. “Ke kali nei kākou” túmọ̀ sí pé ọmọ náà wà lára àwọn tó jókòó sílé tó ń retí ara rẹ̀. “Ke kali nei mākou” ni kí ẹ kọ.

Àdùnní_Honolulu

Háà. Ẹ ṣeun o. Mi ò bá ti mú un lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

“Kali” yìí ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Èyí tí mo gbọ́ níbi iṣẹ́ ni ti ẹni tó ń dúró de dókítà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo títì láti àárọ̀, ojú ọ̀nà gan-an.

Ìyá_Ìbejì

Àbúrò mi, ọkọ mi jẹ́ ọmọ Molokaʻi, nítorí náà mo lè sọ ohun tí mo ń gbọ́ nínú ilé. O sọ òótọ́, “kali” kò ní ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ nínú. “Ke kali nei au i ke kaʻa ʻōhua”, mò ń dúró de bọ́ọ̀sì, ìyẹn náà ni “kali”. Ìwọ lo máa fi ayọ̀ sí i: “Ke kali nei mākou me ka hauʻoli”, à ń dúró tayọ̀tayọ̀. Tí o bá fẹ́ kó mú ọkàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, “ʻiʻini” ni, kí ọkàn máa fà sí nǹkan. “Ke ʻiʻini nei mākou e ʻike hou iā ʻoe”, ọkàn wa ń fà láti tún rí ọ.

Èyí tí ìyá ọkọ mi fẹ́ràn jù ni “lana ka manaʻo”. “Manaʻo” ni èrò, “lana” ni kí nǹkan léfòó lórí omi. Ìrètí ni. Èrò tí kò rì. Má ṣe túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ sí Yorùbá o, nítorí lọ́dọ̀ tiwa kí ọkàn balẹ̀ ló dára, tí ọkàn bá fò sókè, ẹ̀rù ló dé. Lọ́dọ̀ àwọn tí òkun yí ká, ohun tó léfòó ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. “Lana koʻu manaʻo” ni “mo ní ìrètí”.

Àwọn ọmọ mi obìnrin ń jó hula. Ọ̀rọ̀ tí Awakọ̀ sọ lókè, “hoʻomākaukau”, kì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan. Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wọn á pè é, àwọn ọmọ á dáhùn “ʻAe”, bẹ́ẹ̀ni. Orúnkún ti tẹ̀, ọwọ́ ti wà nípò, kò sẹ́ni tó mí. Bí ọfà lórí ọrun ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti ń rí ohun tí o ń pè ní fífojú sọ́nà, kò tíì sí ẹsẹ̀ tó gbéra.

Fún ọjọ́ iwájú, a kì í sábà lo “mua” nílé wa. “E hiki mai ana” là ń sọ. “Hiki mai” ni kí nǹkan dé ọ̀dọ̀ ẹni. “Ka makahiki e hiki mai ana”, ọdún tó ń bọ̀ wá. “Nā lā e hiki mai ana”, àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ọdún tó ń bọ̀! Bákan náà gẹ́lẹ́ ni àwa ṣe ń sọ ọ́. Nítorí náà ọjọ́ ló ń rìn wá bá wa, àwa dúró.

Akọ́mọlédè_Hilo

Bẹ́ẹ̀ ni, “mai” ló wà níbẹ̀. Tísà, ẹ rí i pé ohun tí ẹ sọ nípa erékùṣù tó ń bọ̀ wá ní ibì kan tó fi ara hàn nínú èdè náà, bí kì í tilẹ̀ ṣe nípa ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sí Ìyá_Ìbejì, mà. Mo gba “lana ka manaʻo”, ṣùgbọ́n mi ò ní lò ó fún àbọ̀ ọmọ náà. Ìrètí ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ pé ó ń bọ̀ wálé, “kali” ni kí a fi dúró dè é. Ẹ fi “lana” sí ibi àṣeyọrí: “Lana ko mākou manaʻo e holomua ʻoe”, ìrètí wa ni pé kí o tẹ̀ síwájú. “Holo” ni sáré, òun náà ni kí ọkọ̀ máa lọ lójú omi, ẹ fi “mua” kún un. Ìlọsíwájú, bí àwa náà ṣe kọ́ ọ.

Ìyá_Ìbejì

Mo gbà. Àwọn ìyá ọkọ mi ń lò ó fún méjèèjì, àmọ́ nínú káàdì, bí o ṣe pín in yẹn dára.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Ẹ tún jẹ́ ká wo “I mua” tí Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà gbé kalẹ̀. Ẹ mọ ibi tí ó ti lókìkí? Kamehameha ni wọ́n ní ó fi ké sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní àfonífojì ʻĪao ní Maui, ní 1790: “I mua e nā pōkiʻi a inu i ka wai ʻawaʻawa.” Ẹ̀yin àbúrò, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ mu omi kíkorò. Òkú dí odò lọ́jọ́ náà débi pé Kepaniwai ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ìdídò omi. Ṣé ọ̀rọ̀ ogun ni a fẹ́ kọ sí káàdì ọmọbìnrin tó ń lọ sí yunifásítì?

Awakọ̀_Waʻa

Sà, ibi tí mo ń gbé kò jìnnà sí àfonífojì yẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Kamehameha ṣe pè wọ́n. Kò pè wọ́n ní jagunjagun. “Pōkiʻi” ni àbúrò, ẹni tí o bá lọ́wọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n sí àbúrò ni. Lónìí ó wà lẹ́nu olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu ìyá sí ọmọ, ó wà nínú ọkọ̀ wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí ara rẹ̀ máa bù máṣọ. Omi kíkorò sì wà nínú ilé-ìwé náà.

Tísà_Fẹ̀yìntì

Àbúrò. O ti ṣẹ́gun mi níbẹ̀. Kí Àdùnní kọ ọ́.

Olùkà_Jẹ́ẹ́

Mi ò sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo ń kà. Ẹ má gbàgbé àmì. Èdè yẹn ní lẹ́tà mẹ́tàlá péré, fáwẹ́lì márùn-ún, kọ́nsónáǹtì mẹ́jọ, “ʻokina”, àmì kékeré “ʻ” yẹn, sì ni ọ̀kan nínú kọ́nsónáǹtì wọ̀nyẹn. Kì í ṣe àmì ọ̀ṣọ́. “Mai” ni wá, “maʻi” ni àìsàn. “Kaʻu” ni tèmi, “kāu” ni tìrẹ. Ìlà tó wà lórí fáwẹ́lì, “kahakō”, ń fa ohùn gùn. Ẹni tó bá mọ iyàtọ̀ láàárín ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó. Kíbọ́ọ̀dù Hawaiʻi wà lórí fóònù, ẹ tan án nínú ètò èdè, ẹ má lo àmì àyọlò lásán.

Ìdí tó fi ká mi lára rèé. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin Hawaiʻi ní 1893. Ní 1896 òfin jáde pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni ní ilé-ìwé. Wọ́n na àwọn ọmọ nítorí pé wọ́n sọ èdè ìyá wọn, ọ̀pọ̀ òbí bá dákẹ́ èdè náà fún ọmọ kí wọ́n má bàa jẹgba. Ó di 1978 kí ó tó padà di èdè ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà. Ní 1983 àwọn òbí àti olùkọ́ dá ʻAha Pūnana Leo sílẹ̀. “Pūnana leo” ni ìtẹ́ ohùn, ẹ wo orúkọ. Ìtẹ́ àkọ́kọ́ ṣí ní Kekaha, ní erékùṣù Kauaʻi, ní 1984, ìgbà tí òfin àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. 1986 ni wọ́n yọ ìdènà náà kúrò, 1987 ni àwọn ilé-ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Hawaiʻi kọ́ni.

Ọmọbìnrin tí ẹ ń kọ káàdì sí, inú ìtẹ́ yẹn ló ti wá. Ó sì ṣeé ṣe kí ìyá Tūtū wà lára àwọn tí wọ́n nà.

Ìyábọ̀_Seattle

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé òfin ṣì ń dè wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́ yẹn.

Àdùnní, parí rẹ̀ pẹ̀lú “A hui hou”. “Hui” ni pàdé, “hou” ni lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di ìgbà tí a bá tún pàdé. Bí “Ó dàbọ̀” wa, ó di àbọ̀.

Àdùnní_Honolulu

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé láti ilé Tūtū. Mo bi í léèrè nípa ìyá rẹ̀ bí Olùkà ṣe sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ìyá òun gbọ́ èdè náà dójú àmì, ṣùgbọ́n pé òru nìkan ló máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, tí ó bá rò pé àwọn ọmọ ti sùn. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó kọ́ ọ padà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí ló ń tún pípè ọ̀rọ̀ ṣe fún un nísinsìnyí.

Ohun tí mo kọ nìyí:

“E kuʻu pōkiʻi, hoʻomaikaʻi iā ʻoe! I mua. Lana ko mākou manaʻo e holomua ʻoe i nā lā e hiki mai ana. Ke kali nei mākou me ka hauʻoli i kou hoʻi ʻana mai. A hui hou.”

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, a bá ọ yọ̀! Ó yá, síwájú. Ìrètí wa ni pé kí o máa tẹ̀ síwájú ní àwọn ọjọ́ tó ń bọ̀. À ń fi ayọ̀ dúró de àbọ̀ rẹ. Ó dàbọ̀.

Tūtū kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ kan “e hiki mai ana”, ó mi orí. Ó fọwọ́ kan “mākou”, ó tún mi orí. Lẹ́yìn náà ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sí “pōkiʻi”, ó kọ “keiki” sí i lókè. Ọmọ. Ó ní ọmọ tí mo bá òun wá bata fún, tí mo bá òun dúró tì ní ọsibítù nígbà tí ikọ́ fée fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀, kì í ṣe àbúrò mi.

Mo ti ra káàdì tuntun. Alẹ́ yìí ni mo máa tún un kọ.